Ṣé òmìnira nínú Kristi túmọ̀ sí pé Kristẹni lè ṣe ohun tó bá wù ú?

Rárá. Òmìnira tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé nípa rẹ̀ sí àwọn ará Gálátíà ni pé èèyàn kò ní láti pa Òfin Mósè mọ́ kí Ọlọ́run tó dá a láre. Gálátíà 5:13 ní kí a má ṣe fi í ṣe àyè fún ìfẹ́ ara, ṣùgbọ́n kí a máa fi ìfẹ́ sin ara wa.

Ìlara, ìjà, àgbèrè àti ìmutípara wà lára iṣẹ́ ti ara (ẹsẹ 19 sí 21), nítorí náà kò sí òmìnira tó bò wọ́n. Ẹni tó ń rìn nípa ti Ẹ̀mí a máa so èso ẹsẹ 22 àti 23: ìfẹ́, ayọ̀, sùúrù, ìkóra-ẹni-níjàánu àti àwọn yòókù.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ kò kà léèwọ̀ ló sábà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìlànà rẹ̀ wà nínú 1 Kọ́ríńtì 10:25-29: jẹ ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà láìbéèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé wọ́n ti fi rúbọ sí òrìṣà, má jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni yẹn, kì í ṣe tìrẹ.

Àyàfi kan wà sí ìlànà gbígba ti ẹlòmíràn rò yìí. Pọ́ọ̀lù kọ Tímótì nílà nítorí àwọn Júù tó wà ní agbègbè náà (Ìṣe 16:3), àmọ́ kò gbà kí wọ́n fipá kọ Títù nílà (Gálátíà 2:3-5), torí níbẹ̀, òtítọ́ ìhìn rere gan-an ni àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ nílà ń bá jà.