Kí ló mú kí epo igi sandalwood wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà?

Pípẹ́ tí igi náà máa ń pẹ́ kó tó gbó ni. Àárín igi àti gbòǹgbò ni epo olóòórùn dídùn náà wà, kì í sì í pọ̀ tó níbẹ̀ kó tó lo nǹkan bí ọdún 15 ó kéré tán. Lára gbòǹgbò igi mìíràn ló tún ti ń fa oúnjẹ, nítorí náà ẹni tó bá dá a gbìn ń tan ara rẹ̀ ni. Ní Íńdíà, ọdún 2001 ni ìpínlẹ̀ Karnataka ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé onílẹ̀ ló ni èyí tó hù sórí ilẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò wu ọ̀pọ̀ onílẹ̀ láti gbìn ín ṣáájú ìgbà náà. Àwọn olè kò sì yéé gé e. Ọsirélíà náà ti ń gbìn ín gan-an. Epo “ojúlówó” olówó pọ́ọ́kú? Àdàlù ni, lọ́pọ̀ ìgbà.