Ẹ ṣí ìdérí ihò ṣáájì ọkọ̀ náà wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi sì já. Ẹ ní ọkọ̀ oníná àlòkù kan ti wù yín, ẹni tó ń tà á sì fi dá yín lójú pé kò síbi tí kò ti lè gba ṣáájì. Ẹ ní oníṣẹ́ iná ti ń rọ̀ yín pé àpótí 22 kW (kW ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń yára wọ ọkọ̀) ni kí ẹ gbé kọ́ ara ògiri ilé, kí ọkọ̀ lè máa tètè kún. Ẹ wá ní ká là yín lọ́yẹ̀ lórí Type 2, CCS, CHAdeMO, tí wọ́n jẹ́ irú púlọ́ọ̀gì ṣáájì, àti ohun tí wọ́n ń pè ní Level 1, 2 àti 3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ni wọ́n sọ fún mi, ojú mi sì rí màbo.

Ihò méjì ló wà níwájú ọkọ̀ tí mo rà: kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Type 1, àti ńlá róbótó kan tí í ṣe CHAdeMO. Èmi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nígbà náà. Mo bi ẹni tó tà á fún mi. Ó ní èyí tó tóbi ni ti ṣáájì tó yá, pé ibikíbi tí mo bá ti rí ẹ̀rọ ṣáájì tó yá, kí n ṣáà ti í bọ̀ ọ́. Mo gbà á gbọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni, òun ló yẹ kó mọ̀.

Kò ju oṣù kejì lọ tí mo fi rìnrìn àjò. Bátìrì ti já sí 11% nígbà tí mo dé ibi tí máàpù sọ pé ẹ̀rọ ṣáájì méjì wà. Ilẹ̀ ti ṣú, òjò ń rọ̀. Mo fa wáyà àkọ́kọ́ jáde, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ó sì wúwo. Mo gbé e dé ẹnu ihò, kò wọlé. Mo yí i, mo tì í, kò wọlé. Mo wá tan iná fóònù sí ẹnu púlọ́ọ̀gì náà. Apá òkè rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, abẹ́ rẹ̀ ní ihò ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò jọ ti ọkọ̀ mi níbì kankan. CCS2 nìyẹn. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ kejì, CCS2 náà ni. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ẹni tó gbé e ní kí n tún káàdì fi kàn án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi káàdì kan ẹ̀rọ nínú òjò, púlọ́ọ̀gì ńlá yẹn ń wọ̀ mí lọ́wọ́ kejì, kò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé irú ihò wo ni ọkọ̀ mi ní. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti mọ̀ ọ́n nìyẹn! Títí di òní, inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí.

Òpó AC (irú iná tó ń wọ ilé) kékeré kan wà lẹ́yìn ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wáyà lára, sọ́kẹ́ẹ̀tì Type 2 lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ló ń mú wáyà tirẹ̀ dání. Wáyà kan ṣoṣo tó bá ọkọ̀ mi wá, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé ni. Inú ọkọ̀ ni mo sùn, òtútù ń mú mi, mi ò sì lè tan ohun tó ń mú ọkọ̀ móoru kí 11% yẹn má baà tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, onílé kan ṣàánú mi, ó ní kí n ti wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó síbẹ̀, bátìrì 40 kWh náà (kWh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) kò sì gba tó ìdajì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 230 fólítì ní ìlọ́po áńpì 10, 2.3 kW nìyẹn, díẹ̀ sì máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀, torí ó lè jó ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà jìnnà, la bá fi ẹkísítẹ́ńṣọ̀n kún un, èyí tí wọ́n ń ká mọ́ ara bí òwú. A ò tú u tán. Láàárín wákàtí kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn rọ́bà tó ń yọ́. Mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo yọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti di pupa rúsúrúsú, ike ibẹ̀ ti rọ̀. Ohun tó ń lo iná púpọ̀ nínú ilé kì í sábà wà ní títàn fún wákàtí mẹ́sàn-án láìdáwọ́ dúró, ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ẹkísítẹ́ńṣọ̀n ṣáájì ọkọ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbó, tí púlọ́ọ̀gì ń mì nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Ó yá, Level. Amẹ́ríkà ló ń lo orúkọ yẹn jù. Level 1 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì 120 fólítì wọn, bíi 1.4 kW, tí wákàtí kan rẹ̀ kì í fún ọkọ̀ ju bíi kìlómítà márùn-ún sí mẹ́jọ lọ. Level 2 ni 208 sí 240 fólítì, ti àpótí ara ògiri àti òpó etí títì. Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Level 3 ni DC (irú iná tí bátìrì ń gbà), ṣáájì tó yá. Ní Yúróòpù, Mode 2, 3 àti 4 lẹ máa gbọ́: Mode 2 ni wáyà tó ní àpótí kékeré láàárín tí ẹ ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, Mode 3 ni àpótí ara ògiri, Mode 4 ni DC. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ni pé àpótí ara ògiri yẹn kì í ṣe ṣáájà. Inú ọkọ̀ ni ṣáájà wà. Iná AC ló ń ti ara ògiri wá, iná DC ni bátìrì ń gbà, ṣáájà inú ọkọ̀ ló ń yí i padà. Iṣẹ́ àpótí kò ju pé kó sọ fún ọkọ̀ pé "áńpì tí mo lè fún ọ rèé," kó sì tan iná nígbà tí ọkọ̀ bá ti dáhùn. Bí ṣáájà inú ọkọ̀ bá jẹ́ 6.6 kW, 6.6 kW ló máa gbà, bí ẹ tilẹ̀ gbé e sídìí òpó 22 kW. Ọkọ̀ mi nìyẹn. Oníṣẹ́ iná tí mo pè náà ní 22 kW ló dára jù, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. 22 kW yẹn, fésì mẹ́ta, ìyẹn ìlà iná mẹ́ta, ní áńpì 32 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Fésì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ mi ń lò, fésì kan ṣoṣo náà ló sì wọ ilé mi! Kò wo ọkọ̀, kò bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Àpótí 7.4 kW ì bá ti ṣe gbogbo ohun tí mo nílò, owó tó kù ì bá sì ti ra wáyà tí mi ò ní ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi lórí 22 kW ni pé rárá, àfi tí ṣáájà inú ọkọ̀ yín bá lè gba 22 kW, tí fésì mẹ́ta sì wọ ilé yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba ju 7.4 tàbí 11 kW lọ. Ẹ sì ro ti bíréékà mọ́ ọn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ohun tó ń fa iná fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ má ṣe gba ju 80% agbára bíréékà lọ, ìyẹn ni pé bíréékà 40 áńpì, 32 ni kí ọkọ̀ fà lórí rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tí kò bá lè ṣàlàyé èyí fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

DC ní tirẹ̀ kì í gba inú ṣáájà ọkọ̀ kọjá. Ẹ̀rọ ńlá náà ti yí iná padà, bátìrì ló ń dà á sí tààrà. Ìdí tó fi lè jẹ́ 50 kW, 150, títí dé 350 nìyẹn. Síbẹ̀, ọkọ̀ ló ń sọ iye tó fẹ́. Bí bátìrì bá tutù, díẹ̀ ló máa gbà. Tó bá sì ti kọjá 80%, iná á máa lọ sílẹ̀ ṣáá, ẹ lè fi èyí tó pọ̀ nínú àkókò yín dúró de ìwọ̀n díẹ̀ tó kù. Ẹ yọ ọ́ ní 80%, ẹ máa lọ.

Ní ti púlọ́ọ̀gì: Type 1 ní ihò márùn-ún, Type 2 ní méje. CCS1 ni Type 1 tí wọ́n fi ihò DC ńlá méjì sí abẹ́ rẹ̀, CCS2 ni Type 2 tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. CHAdeMO ti Japan dá dúró, ìdí tí ọkọ̀ tó ń lò ó, bíi àwọn Nissan Leaf àtijọ́, fi máa ń ní ihò méjì. Tesla ní kékeré kan tó ń ṣe AC àti DC pọ̀. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní November 2022, wọ́n pè é ní NACS, Ford àti GM sì kéde ní 2023 pé àwọn máa lò ó. GB/T, púlọ́ọ̀gì ti Ṣáínà, lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù: ti AC rẹ̀ jọ Type 2 lójú, ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ Type 2 ti ní ẹsẹ̀, ihò ni tirẹ̀ ní, wọn ò lè wọ ara wọn.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé ádápítà máa yanjú ẹ̀. Fún AC, bẹ́ẹ̀ ni. Láti Type 2 sí Type 1 kò le, torí èdè kan náà ni wọ́n fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. DC kò rí bẹ́ẹ̀. CCS àti CHAdeMO kò gbọ́ èdè ara wọn, ádápítà tó bá wà láàárín wọn ní láti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú, ó sì wọ́n. Ẹ má ra olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, bó bá sì já nígbà tí iná ń lọ, iná á fò jáde lójú yín.

Tí ẹ bá padà lọ wo ọkọ̀ yẹn, ẹ ṣí ìdérí ihò náà, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ ka iye ihò tàbí ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè nọ́ńbà méjì, kW tí ṣáájà inú rẹ̀ ń gbà lórí AC, àti èyí tó ń gbà lórí DC. Ẹ wo bùútù bóyá wáyà wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ṣáájì tó yá tí ẹ máa lò jù, kó tì í bọ̀ ọ́ lójú yín. Ẹ dúró síbẹ̀ títí nọ́ńbà kW yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú dáṣíbọ́ọ̀dù.