Mo Ní Mo Gbádùn Ẹ̀, Ó sì Gbà Mí Gbọ́

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn níbí la ń gbé, lápá Àkóbọ̀. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti wọlé ọkọ, a sì bí ìbejì àti ìdòwú wọn. Ọkọ mi kì í mutí, wọn kì í tẹ̀lé obìnrin kiri, wọn ò sì fi owó oúnjẹ ṣeré. Àgọ́ ni tiwọn. Wọ́n rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó ṣe ń pàgọ́ sínú igbó lásìkò ìsinmi, ni wọ́n bá lọ ra tẹ́ǹtì. Ọdún Àjíǹde tó kọjá, wọ́n kó wa lọ sùn lẹ́bàá odò kan lọ́nà oko, òru méjì gbáko. Òjò pa wá lóru àkọ́kọ́. Nígbà tí òjò dá pàápàá, omi ṣì ń kán sí wa lójú nínú àgọ́. Ẹ̀fọn fi wá ṣe ìnáwó. Èmi ni mo dáná, èmi ni mo fọ àwo létí odò, èmi ni mo ń sin àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn igbó lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tá a délé, ọkọ mi bi mí pé, 'Ṣé o gbádùn ẹ̀?' Ojú wọn ń dán bí ojú ọmọdé. Mo ní mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Mo tún gbé fọ́tò sórí WhatsApp, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú fàájì yìí ò wọ́pọ̀.

"Ní báyìí, wọ́n ti bá ọ̀rẹ́ wọn méjì sọ̀rọ̀. Ìdílé mẹ́ta la jọ ń lọ ní Dìsẹ́ńbà, òru mẹ́rin, lórí òkè Adó-Àwáyè. Wọ́n ní nítorí tèmi ni, torí bí mo ṣe gbádùn tàkọ́kọ́. Màmá, ṣé àwọn èèyàn ń gbádùn nǹkan yìí lóòótọ́, àbí gbogbo ayé ló ń purọ́ fún ara wọn? Àbí èmi ni mi ò mọ fàájì? Ẹ bá mi dá sí i. Èmi, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, mo kí ọ o, ẹ̀jìrẹ́ á gbè ọ́. Má bínú, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo dé ibi WhatsApp yẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tìrẹ ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ burúkú, ìfẹ́ ló sún un sọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni yóò gun òkè ní Dìsẹ́ńbà.

Àwọn èèyàn ń gbádùn ẹ̀. Èmi fúnra mi gbádùn irú rẹ̀ rí, kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní fàájì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, abà bàbá wa lọ́nà Àkànrán là ń kọrí sí. Ahéré là ń sùn, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó, ẹní la tẹ́ sórí ilẹ̀. Lálẹ́, a ó jókòó yí iná ká, a ó sun iṣu, àwọn àgbà á pàlọ́ títí ojú wa á fi máa pa dé. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kòkó tútù tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan, inú mi á kàn máa dùn ṣáá ni.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn náà ti dàgbà, pé, "Màmá, abà yẹn mà dùn o." Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló dùn mọ́?"

Mo dákẹ́. Àwọn ni wọ́n ń jí nígbà àkùkọ ìdájí lọ pọnmi. Àwọn ni wọ́n ń gúnyán fún alágbàṣe mẹ́jọ, tí wọ́n ń fẹ́ iná igi tútù títí ojú wọn á fi pọ́n koko. Bí gbogbo wa bá ti sùn, àwọn náà ni wọ́n ń fọwọ́ ra abẹ́ ẹní wò bóyá nǹkan ti wọbẹ̀. Abà kan náà, òru kan náà. Èmi ń ka ìràwọ̀, àwọn ń ka òkèlè iyán.

Wàyí o, padà lọ ka lẹ́tà rẹ. Òjò, o fún un ní gbólóhùn kan. Ẹ̀fọn, gbólóhùn kan. Ibi tó o ti wá ń pe "èmi ni mo, èmi ni mo" lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ rẹ lọ sinmi. Ìwọ ní tìrẹ, iṣẹ́ ilé ló bá ọ lọ sóko, gáàsì àti omi ẹ̀rọ ló dúró sílé.

Ìlú tá a wà nínú rẹ̀ yìí pàápàá, bùdó ni. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbí. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn ò ní kúrò mọ́, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mọlé, wọ́n kanrùlé. Ọmọ àwọn tó sáré kúrò nínú àgọ́ ni wá, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ojú rẹ ò là.

Àwọn òyìnbó tí ọkọ rẹ ń wò lórí fóònù náà, kò burú ká mọ bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n máa ń pè ní bàbá fàájì àgọ́ lọ́dọ̀ wọn, Thomas Hiram Holding, aránṣọ ni. Ní 1901 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ pàgọ́ sílẹ̀ ní England. Ohun tó jẹ bàbá náà lógún jù ni pé kí ẹrù fúyẹ́, torí orí kẹ̀kẹ́ tí kálukú ń wà fúnra rẹ̀ ni kálukú ń di ẹrù rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìdílé mẹ́ta sórí kẹ̀kẹ́.

Má wá rò pé mo fẹ́ bá ọ ba nǹkan ọkọ rẹ jẹ́ o. Ohun kan wà nínú àgọ́ tí irọ́ ò sí nínú rẹ̀. Ní 2013, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Kenneth Wright, ní yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà, kó èèyàn 8 lọ sùn sínú àgọ́ lórí òkè fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí iná mànàmáná, kò sí tọ́ọ̀ṣì, oòrùn àti iná igi nìkan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, aago inú ara wọn ti sún síwájú ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í múra oorun, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú wọn á dá. Ìdí nìyẹn tí ojú ọkọ rẹ fi ń dán. Ẹni tó ń tẹ fóònù di ọ̀gànjọ́ lójoojúmọ́, tó wá sùn ní aago mẹ́jọ àbọ̀, kí ló dé tí ojú rẹ̀ ò ní dán?

Òru àkọ́kọ́ ni wàhálà. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní yunifásítì Brown wò ó lọ́dún 2016, wọ́n rí i pé tí èèyàn bá sùn síbi àjòjì lálẹ́ àkọ́kọ́, apá kan ọpọlọ rẹ̀ kì í sùn wọra, ńṣe ló ń ṣọ́nà bí ọdẹ àdúgbò. Ìwọ tún ní òjò àti ọmọ mẹ́ta lọ́rùn. Nítorí náà òru Àjíǹde yẹn, mi ò kà á sí ìdánwò.

Àti omi tó ń kán lẹ́yìn òjò, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òjò rárá. Èémí yín ni. Èèyàn márùn-ún fún ara wọn mọ́ inú aṣọ tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, èémí wọn á gòkè, á kan aṣọ tó ti tutù, á sì di omi, bó ṣe ń ṣe lára ọmọrí ìkòkò ìrẹsì. Wò ó bóyá àgọ́ yín ní fèrèsé kékeré lókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dé e pa torí ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣí i.

Ní ti Adó-Àwáyè, ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní pa á mọ́. Apá Ìsẹ́yìn níbẹ̀ wà, àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ni wọ́n ń gùn dé òkè, adágún omi sì wà níbẹ̀ lórí àpáta. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn yẹn ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi tẹ́ ẹ máa mu yóò gbà, lórí ẹnì kan. Béèrè orúkọ ẹni náà kí ọjọ́ tó pé. Àpáta kì í gba èèkàn, òkúta ńlá ni wọ́n máa fi so okùn àgọ́ mọ́lẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni Dìsẹ́ńbà, òjò ò ní yọ yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n òtútù ìdájí lórí òkè kì í ṣe tàwàdà, ẹ kó aṣọ ìbora dání, kí ẹ sì tẹ́ nǹkan tó nípọn sábẹ́ ara, torí ilẹ̀ ló ń fa ooru ara lọ ju afẹ́fẹ́ lọ. Koríko ti gbẹ nígbà náà, kí wọ́n má dáná síbi tí koríko wà. Èyí tí mi ò sì ní fi ṣeré rárá: kí ẹnikẹ́ni má gbé àdògán eléèédú wọnú àgọ́ nítorí òtútù. Èéfín búburú inú èédú kò lóòórùn, èèyàn kì í mọ̀ pé òun ń fà á títí yóò fi gbé e lọ lójú oorun.

Ó yá, báwo lo ṣe máa sọ ọ́? Má gbé e lọ bá ìyá ọkọ rẹ, má sì sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kó jẹun alẹ́ tán, kí àwọn ọmọ ti sùn. Sọ pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, mo purọ́ fún yín nígbà Àjíǹde. Bójú yín ṣe ń dán ni ò jẹ́ kí n lè sọ òótọ́." Lẹ́yìn náà, sọ ohun kan tó dùn mọ́ ọ níbẹ̀ ní ti tòótọ́. Kò lè má sí. Ìgbà náà ni kó o wá sọ èyí tó kù.

Bí mo bá mọ ọkùnrin Ìbàdàn, yóò dá ọ lóhùn pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìwọ náà fèsì pé ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ tí iṣẹ́ ilé bá ti ṣáájú yín dé oko, níbo lẹ máa sinmi sí?

Sọ pé òru méjì lo lè ṣe, mẹ́rin ti pọ̀ jù. Mi ò ní kẹ́ ẹ sun ẹyọ kan, torí èmi àti ìwọ ti rí bí òru àkọ́kọ́ ṣe ń rí; ti ìkejì ni kó o fi dájọ́. Àwọn ọkùnrin ni kó dáná, àwọn náà ni kó sì fọ ìkòkò. Má ṣàlàyé púpọ̀ lórí èyí. Wọn ò ní kú. Gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà, sadín-ìn, búrẹ́dì, iṣu sísun àti epo pupa, kò sóhun tó nira níbẹ̀. Ọkùnrin tó bá lè ka àtẹ̀gùn 300 lè ka ṣíbí iyọ̀ kan. Òun náà ni kó máa sin ọmọ lọ sẹ́yìn igbó lóru.

Mo sì lè fi gèlè mi ta tẹ́tẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó méjì yẹn ti wo fọ́tò rẹ lórí WhatsApp, tó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí Ìyá Ìbejì bá lè gbádùn ẹ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ fàájì." Pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín.

Bí ọkọ rẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin ò lè dáná lójú ọ̀rẹ́, kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n á gbádùn ara wọn gan-an. Ìwọ dúró sí Àkóbọ̀. Tilẹ̀kùn, fi fáànù sí nọ́ńbà márùn-ún bí iná bá wà, kó o sùn títí oòrùn á fi wọlé bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Fàájì nìyẹn náà, àtẹ̀gùn kankan ò sì sí níbẹ̀.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọdún. Má fi fọ́tò ránṣẹ́. Sọ ẹni tó fọ ìkòkò fún mi.