Èdè wo ni kí n kì bọnú ẹ́dítọ̀ mi káwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa kọ plugin?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi èdè C kọ ẹ́dítọ̀ kékeré kan, ìyẹn software téèyàn fi ń tẹ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta là ń lò ó, wọ́n ti ń dà mí láàmú pé àwọn náà fẹ́ máa kọ plugin, ìyẹn àfikún kéékèèké, sí i. Ṣé Python ni kí n kì bọ̀ ọ́ ni àbí Lua, àbí kí n kúkú ṣe èdè tèmi?

Ìdáhùn: Àbúrò, jọ̀ọ́, má ṣe èdè kankan. Ẹ́dítọ̀ Vim ṣe tiẹ̀, wàhálà ẹ̀ ò kéré, ìgbà tí 9.0 jáde lọ́dún 2022 ni wọ́n tó gbé Vim9 script tó yá dáadáa wá, Neovim, tí wọ́n yọ látara Vim, ní tiẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ Lua lọ, látorí 0.5 lọ́dún 2021 lèèyàn ti lè fi fáìlì init.lua ṣe gbogbo sẹ́tínì ẹ̀.

Lua ni kó o mú. Àwọn kan ní yunifásítì ní Rio, ní Brazil, ló ṣe é lọ́dún 1993, C ni wọ́n fi kọ ọ́, torí kó lè wọnú software míì ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Python náà dáa, ẹ́dítọ̀ Sublime Text ń lò ó, àmọ́ ẹrù ẹ̀ pọ̀ jù fún èèyàn mẹ́rin.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ohun tó o máa jẹ́ kí plugin fọwọ́ kàn. Má fún un ní pointer (àdírẹ́sì inú mẹ́mọ́rì) sí ọ̀rọ̀ inú fáìlì o! Fún un ní fọ́ńṣọ̀n mélòó kan, kí ọ̀rẹ́ ẹ kàn kọ

editor.on("save", function(buf) buf:trim() end)

kí gbogbo àyè òfìfo tó wà lẹ́yìn ìlà kúrò, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ctrl+Z ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ padà.

Èmi fúnra mi ti kọ plugin tó ń ka ọ̀rọ̀ rí, mo gbàgbé láti fi 1 kún òǹkà i nínú while tó ń tún iṣẹ́ ṣe, kò dúró mọ́, ni ẹ́dítọ̀ bá gan pa, ohun tí mo ti ń tẹ̀ látàárọ̀ tí mi ò tíì séèfù bá a lọ. Torí ẹ̀, lo lua_sethook pẹ̀lú LUA_MASKCOUNT, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn iye ìgbésẹ̀ kan, tó bá ti pọ̀ jù kó já a (LuaJIT, ẹ̀yà Lua tó ń yára, kì í ka hook, ìyẹn àyẹ̀wò yìí, nínú kóòdù tó bá ti compile, ìyẹn tó ti sọ di èdè ẹ̀rọ, Lua gidi ni kó o lò). Má ṣí io àti os, tó ń jẹ́ kí Lua fọwọ́ kan fáìlì àti ẹ̀rọ, fún un. Ọjọ́ táwọn tó ò mọ̀ bá ń kọ plugin sí i, WebAssembly, tó ń ti kóòdù mọ́ àyè tiẹ̀, ni kó o wò, bí ẹ́dítọ̀ Zed ṣe ń ṣe.

Tún rántí, 1 ni Lua ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, kí nọ́ńbà ìlà tìẹ náà bẹ̀rẹ̀ láti 1.