Èsì: Kí ló ń mú òdòdó Philodendron yín gbóná lálẹ́?

Ẹ béèrè bóyá àrùn ló mú òdòdó Philodendron bipinnatifidum yín, ewéko ọ̀ṣọ́ eléwé ńlá yẹn, gbóná lálẹ́, àti ìdí tí kò fi so. Kì í ṣe àrùn rárá. Ọ̀pá funfun inú òdòdó náà ló ń jó ọ̀rá tó wà lára rẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn òdòdó akọ kéékèèké tó yàgàn wà lára ọ̀pá náà. Ó lè gbóná kọjá 40°C, kódà bí ìta bá tutù. Ooru yẹn ló ń tú òórùn rẹ̀ jáde.

Ní Brazil, níbi tó ti wá, Erioscelis emarginata, kòkòrò kan tó jẹ́ ẹbí yímíyímí, ló ń tẹ̀lé òórùn náà wọlé. Á jẹun, á gun abo rẹ̀, á sì sùn síbẹ̀ mọ́jú nínú ooru ọ̀fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, òdòdó akọ á tú lẹ́búlẹ́bú tó ń mú òdòdó abo so sí i lára bó ṣe ń jáde lọ.

Ẹ ò ní kòkòrò yìí nílé, àsìkò òdòdó abo sì ti ń kọjá kí òdòdó akọ tó tú lẹ́búlẹ́bú. Nítorí náà, òdòdó méjì lẹ nílò. Ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú ti àkọ́kọ́ sínú ike gbígbẹ lálẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì. Lálẹ́ tí èkejì bá gbóná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá pátápátá. Òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kùn, kò sì sí òdòdó abo níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Oje rẹ̀ ń yún ara.