Ìdí tí ìdérí ike fi ń ká lẹ́yìn tó bá ti tutù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí ìdérí polypropylene (irú ike kan) tí ẹ ń ṣe fi máa ń tẹ́jú nígbà tó bá jáde nínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí a fi ń mọ ọ́n, tí yóò sì ti ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan ti sọ pé èròjà tí ẹ rà ni kò dára, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ èròjà ní Iléṣà níbí nígbà ọyẹ́ kan, tí owó ń lọ, kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà tí mo gbà ń mú un tutù ni àléébù wà.

Ẹ wo epo pupa nígbà ọyẹ́: èyí tó bá rọra tutù máa ń dì ní hóró-hóró. Ohun tó jọ ọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí ike yìí. Nígbà tó bá ti yọ́, ní nǹkan bí 165°C, àwọn mólékù rẹ̀, ìyẹn èérún tíntìntín tó para pọ̀ di ike, tó gùn bí okùn, á lọ́ mọ́ra wọn láìlétò. Bó ṣe ń tutù, apá kan lára wọn á máa ṣẹ́po bí aṣọ tí a ká, wọ́n á sì tò pẹ́kípẹ́kí di kírísítálì, ìyókù á sì wà ní jákujàku bó ṣe wà. Ìtòjọ yìí ló ń mú ike súnkì: ìdérí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 lè fi mílímítà 2 sí 5 dín kù. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá súnkì bákan náà, kò séwu. Àmọ́ ibi tó bá pẹ́ kó tó tutù ló ń ráyè tò jù, òun náà ló sì ń súnkì jù.

Ní tèmi, omi kànga tó tutù nini ń gba ìlàjì kan mọ́ọ̀dù kọjá, ìlàjì kejì sì gbóná, nítorí náà gbogbo ìdérí ń tẹ̀ sí ìhà tó gbóná. Ìkánjú mi tún dá kún un: mo ń yọ wọ́n kíákíá kí iye wọn lè pọ̀, bẹ́ẹ̀ kírísítálì ṣì ń dì nínú wọn lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí omi gba ìhà méjèèjì, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kún àkókò tí ìdérí fi ń wà nínú mọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe wọn fífẹ̀ ìdérí lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, torí ó ṣì ń súnkì. Ó dìgbà tó bá pé ọjọ́ méjì.