Ajá tó ń gbó mọ́jú: ẹ fi bẹ́líìtì oníná yẹn sílẹ̀

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ajá yín, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ń gbó láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà, lanlọ́ọ̀dù sì ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra bẹ́líìtì ọrùn tó ń jẹ́ kí iná gbé ajá bó bá ti gbó. Ojú èmi náà ti rí tó lórí ọ̀rọ̀ yìí nílé kan tí mo háyà n'Íbàdàn.

Bingo tèmi kì í sinmi. Ọ̀kadà kọjá, ó gbó. Jẹnẹrétọ̀ kú, ó gbó. Èmi á yọrí lójú fèrèsé, "Dákẹ́ jàre!" Ó pẹ́ kó tó yé mi pé lójú tirẹ̀, ṣe ni ọ̀gá ń bá òun gbó. Wọ́n wá júwe ọkùnrin kan tó ní òun ń kọ́ ajá. Ó gbowó, ó mú pàṣán wọlé. Bingo kùn, pàṣán. Bingo gbó, pàṣán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé pa rọ́rọ́. Inú mi dùn, àwọn ará ilé ń kí mi kú oríire.

Àṣé ìkìlọ̀ nìkan ni pàṣán lé lọ, ẹ̀rù tó ń ba ajá náà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí bẹ́líìtì oníná yẹn náà á ṣe nìyẹn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa nawọ́ sí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bingo ò kùn, kò yọ eyín, ó kàn gé e jẹ lápá ni. Mo ṣì ń gbọ́ igbe ọmọ yẹn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ fi epo pupa ra ojú ọgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ajá bá gé jẹ, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi kì í gbẹ̀bẹ̀ bí àmì rẹ̀ bá ti yọ.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ò ní abẹ́rẹ́. Ìkejì ní ká lọ gba káàdì ná, ká tò sórí ìlà, apá ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀! Èmi ni mo san owó gbogbo abẹ́rẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ kan láti káńsù wá, kò wo káàdì àjẹsára Bingo tí mo nà sí i, ó ní ká pa ajá náà. Ọjọ́ 10 ni wọ́n máa ń so irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n á máa ṣọ́ ọ bóyá àmì dìgbòlugi á yọ, èmi tí mi ò ka ìwé ẹranko ni mò ń sọ fún un. Ọjọ́ 10 pé, ara Bingo dá ṣáṣá.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ ò le. Mo tú ṣéènì, mo fi páànù dí ojú géètì tó fi ń wo títì, mò ń mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo kọ́ ọ ní "Ó tó": ó gbó, ó dánu dúró díẹ̀, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fún un ní ẹ̀dọ̀ sísè. Ẹ máa fa àkókò ìdákẹ́ yẹn gùn. Bí ẹ ò bá dá gbígbó rẹ̀ lóhùn, á kọ́kọ́ le sí i. Ẹ má jáde sí i lọ́jọ́ kẹta o. Kí ará ilé má sì ju ẹran sí i kó lè dákẹ́. Àbúrò mi ṣe é, owó gbígbó ló ń san fún un. Ẹran inú ọbẹ̀ pàápàá léwu, májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá.

Mo fẹ́ gbàgbé: ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá ní kí n tà á, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn ló yẹ etí rẹ̀ wò, ó ti ń ṣọyún. Ta ni kò ní pariwo lóru?

Oṣù méjì àti ààbọ̀ ló gbà mí. Ní ti lanlọ́ọ̀dù, ẹ tètè lọ bá a kó tó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi páànù géètì yẹn hàn án, kó rí i pé ẹ ti ń ṣe nǹkan sí i.